BÍ Ọ̀NÀ Ọ̀FUN, BÍ Ọ̀NÀ Ọ̀RUN: ÀSỌYÉ LÓRÍ EYÍN ÀTỌWỌ́DÁ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

  

Àwọn baba ńlá wa ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: bí ọ̀nà ọ̀fun, bí ọ̀nà ọ̀run. Nítorí ìjẹ àti ìmu ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín àwùjọ tí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣẹ mọ́ lára gan-an bí ó ṣe rí, nítorí ohun kékeré kan tí wọ́n ń gbé sùn lálaalẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ohun náà ni eyín àtọwọ́dá.

Kí ọ̀dọ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó nìkan ni èyí. Ẹni tí ó bá rìn láti Ẹnu Ọwá lọ sí Òkè Àrin, tí ó sì gba ibẹ̀ bọ́ sí Ìdúmọ̀tà, yóò pàdé oríṣiríṣi ènìyàn tí eyín ti yọ lẹ́nu wọn. Ti ẹlòmíràn jẹrà, wọ́n sì fà á. Àrùn èrìgì ni ó mi eyín ẹlòmíràn títí ó fi bọ́. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń gbá tí ìgúnpá ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gba eyín iwájú rẹ̀ lọ. Ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí alùpùpù ni ti ẹlòmíràn. Bí a bá ti yọ ti arúgbó tí eyín rẹ̀ tán pátápátá kúrò, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí ń ṣòwò kiri náà wà lára àwọn tí ń lo eyín àtọwọ́dá ẹyọ kan tàbí méjì. Ẹyọ kan tàbí méjì yìí gan-an ni ó sì léwu jùlọ, gẹ́gẹ́ bí àlàyé yóò ti hàn níwájú.

EYÍN AFẸ́ ÀTI EYÍN ÌNÍLÒ

Àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní gbàgbé ìgbà tí eyín Mẹ́kà gbòde. Bí ẹlòmíràn bá ti Hajj dé, wúrà yóò ti máa tàn lẹ́nu rẹ̀ láti òkèèrè. Kò ní dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, kí ayé lè mọ̀ pé Alhaji ti dé tàbí pé Alhaja ti dé. Nígbà mìíràn, eyín tí ó wà lábẹ́ wúrà náà le kokooko, kò ní àrùn kankan lára. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi eyín tí a kò nílò hàn fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ ní tòótọ́, tí ó lọ ṣe òmíràn kí ó lè jẹun, kí ó lè sọ̀rọ̀, kí ó sì lè rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́, òun ni ó ń fi tirẹ̀ pamọ́. Ìyàwó ń fi pamọ́ fún ọkọ. Ọkọ ń fi pamọ́ fún ìyàwó. Kò lè yọ ọ́ lálẹ́ nítorí pé yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Kò lè fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí pé ẹnu ẹ̀rọ omi àgbàlá ni gbogbo ilé ti ń fọ ẹnu. Kò lè padà sọ́dọ̀ dókítà eyín nígbà tí ó bá dẹ̀, nítorí kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Eyín afẹ́ gba ìyìn, eyín ìnílò sá pamọ́. Inú ìsápamọ́ yìí ni ewu wà, òun sì ni kókó àsọyé yìí: kì í ṣe eyín àtọwọ́dá ni ó ń pa ènìyàn, ìtìjú tí kò jẹ́ kí a yọ ọ́ lálẹ́ ni.

KÒ SÍ ÌTÌJÚ NÍBẸ̀

Sàhábà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Arfajah ọmọ As'ad. Kí Ìsìláàmù tó dé ni imú rẹ̀ ti gé ní ogun Kulab. Ó fi fàdákà ṣe imú mìíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, imú fàdákà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi wúrà ṣe òmíràn. Hádíìsì yìí wà nínú àkójọ Abu Dawud àti ti Tirmidhi. A sì mọ̀ pé èèwọ̀ ni wúrà jẹ́ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ gbé ọ̀rọ̀ eyín kà: ó tọ́ láti fi ohun mìíràn dí àlàfo ẹ̀yà ara tí ó ti sọnù. Ohun tí a fi ń ṣe afẹ́ lásán ni ìdájọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kíyè sí i pé Arfajah kò fi imú rẹ̀ pamọ́ títí ó fi jẹrà mọ́ ọn lójú. Ìṣòro náà di mímọ̀, ó sì rí àtúnṣe.

Àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì kò fi iṣẹ́ eyín ṣeré rárá. Ní Cordoba, ní ilẹ̀ Sípéènì tí ó wà lábẹ́ àkóso Mùsùlùmí nígbà náà, oníṣègùn kan wà tí à ń pè ní al-Zahrawi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1013. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, Kitab al-Tasrif, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi okùn wúrà so eyín tí ń mì mọ́ èyí tí ó dúró ṣinṣin, àti bí a ṣe lè fi egungun màlúù gbẹ́ eyín dípò èyí tí ó bọ́. Àwọn olórí ayé náà ti lò ó. Nígbà tí George Washington di Ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1789, eyín kan ṣoṣo ni ó kù tí ó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu. Eyín erinmi àti eyín ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe èyí tí ó ń lò. Bí ààrẹ bá lè lò ó, kí ni ó dé tí ọmọ Èkó yóò fi máa sá pamọ́ nítorí rẹ̀?

OHUN TÍ EYÍN ÀTỌWỌ́DÁ JẸ́

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ tí à ń fi sí i pín sí. Èkíní ni odindi, èyí tí a ń ṣe fún ẹni tí kò ní eyín kankan mọ́ ní òkè, tàbí ní ìsàlẹ̀, tàbí ní méjèèjì. Ti òkè máa ń bo àjà ẹnu, itọ́ àti afẹ́fẹ́ ni ó sì ń dì í mú. Ti ìsàlẹ̀ kì í dúró tó ti òkè, nítorí pé ahọ́n ń tì í kiri. Èkejì ni aláàbọ̀, èyí tí ó ń dí àlàfo láàárín àwọn eyín tí ó ṣẹ́kù. Ìkọ́ wáyà ni ó sábà máa ń fi di eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú. Láti nǹkan bí ọdún 1937 ni irú ike líle kan tí ó ní àwọ̀ èrìgì ti di ohun tí a ń fi ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lò ó mọ̀. Bí eyín bá ti yọ, eegun tí ó gbé e dúró yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ọdọọdún. Eyín àtọwọ́dá kì í rẹlẹ̀ bá a. Nítorí náà, èyí tí ó bá ẹnu mu rẹ́gí lónìí yóò dẹ̀ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, kí ó lè tẹ́ ike mìíràn sí abẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó ṣe tuntun. Eyín tí ó ti dẹ̀ tí a ṣì ń lò ni ìbẹ̀rẹ̀ jàǹbá.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ORUN

Ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú mìíràn, àwọn oníṣègùn ọ̀nà ọ̀fun ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá tí ó há sí ọ̀fun. Nínú àwọn ohun tí ó máa ń há sí àgbàlagbà lọ́fun nílẹ̀ wa, òun wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Ọmọdé ní tiwọn a máa gbé owó ẹyọ mì.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹni náà sùn pẹ̀lú rẹ̀. Iṣan ẹnu dẹ̀ nínú orun, eyín kékeré náà yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó sì gbé e mì pẹ̀lú itọ́. Kì í ṣe orun òru nìkan. Ẹni tí ó ń tòògbé nínú dánfó lórí afárá Third Mainland lẹ́yìn iṣẹ́ wà nínú ewu kan náà bí eyín rẹ̀ bá dẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ní wárápá, àti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹnu rẹ̀ kú tipiri. Odindi tóbi, kò rọrùn láti gbé mì. Ṣùgbọ́n eyín ẹlẹ́yọ kan tàbí méjì kéré tó láti kọjá, ìkọ́ wáyà rẹ̀ sì mú bí ìwọ̀ ẹja. Ibi tí ó bá kọ́ sí, ó lè dá ihò sí i. Bí ọ̀nà oúnjẹ bá lu, oúnjẹ àti itọ́ yóò máa dà sínú àyà, àyà yóò kún fún ọyún, ikú sì lè tẹ̀lé e. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ọrùn tàbí àyà ni wọ́n là kí wọ́n tó lè yọ ọ́.

Ewu kejì kò ní ariwo. Bí eyín àtọwọ́dá bá wà lẹ́nu tọ̀sán tòru, kòkòrò àìfojúrí yóò máa pọ̀ sí i lábẹ́ rẹ̀, àjà ẹnu yóò pọ́n, ẹnu yóò sì máa rùn. Nínú orun, ènìyàn lè fa àwọn kòkòrò yìí sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní orílẹ̀-èdè Japan, àwọn onímọ̀ tọ ipa àwọn arúgbó 524 tí wọ́n ti pé ọdún 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Nínú àwọn 453 tí ń lo eyín àtọwọ́dá, bí ìdá méjì nínú márùn-ún ni ó ń gbé e sùn. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró mú àwọn tí ń gbé e sùn ju ìlọ́po méjì àwọn tí ń yọ ọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní ìyá àgbà nílé kí ó fi èyí sọ́kàn.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá jí tí kò rí eyín rẹ̀, tí ọ̀fun ń dùn ún, tí kò lè gbé itọ́ mì, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ibùsùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ó má ṣe gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì láti fi tì í lọ sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí egungun ẹja. Kí ó má mu epo pupa. Kí ó má ti ọwọ́ bọ ọ̀fun kí ó lè bì. Gbogbo èyí ń jẹ́ kí wáyà náà wọ inú ẹran lọ sí i ni. Kí ó má jẹ, kí ó má mu, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn kò jìnnà sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ọdún 1893 ni ilé ìwòsàn náà ti wà. Bí ó bá gba kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ike tí a fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá kì í sábà hàn nínú àwòrán ẹ́ksìréè. Dókítà lè ya àwòrán kí ó má rí nǹkan kan. Ẹnu aláìsàn ni ó ti lè mọ ohun tí ó ń wá. Bí ìyàwó bá ti fi ọ̀rọ̀ eyín pamọ́ fún ọkọ, tí kò sì lè fọhùn mọ́ ní òru ọjọ́ náà, ta ni yóò sọ fún dókítà? Ohun tí ìtìjú máa ń ná ènìyàn nìyí.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Lálaalẹ́, kí a yọ ọ́. Kí a fọ̀ ọ́, kí a sì fi í sínú ike tàbí ife onídèérí tí omi tútù tí ó mọ́ wà nínú rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o. Bí ó bá gbẹ, ó lè ká. Bí a bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, yóò ká pẹ̀lú, kò sì ní bá ẹnu mu mọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ àti ọṣẹ lásán ni kí a fi fọ̀ ọ́ nínú àti lóde. Kí a má fi yanrìn, eérú tàbí èédú họ ọ́, nítorí pé wọn a máa ha ike, ìdọ̀tí a sì máa sá sí ojú ibi tí ó ha náà. Púpọ̀ nínú ọṣẹ ìfọyín náà ní yanrìn kíkúnná nínú. Eyín àbínibí ni ó wà fún. Kí a má fi Jik rẹ èyí tí ó ní wáyà, yóò jẹ irin rẹ̀. Bí a bá ń fọ̀ ọ́, kí abọ́ omi tàbí aṣọ wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, yóò fọ́.

Ẹnu fúnra rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Kí a fọ èrìgì, ahọ́n àti àjà ẹnu. Bí eyín àbínibí bá ṣẹ́kù, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí orin fọ̀ ọ́ dáadáa. Orin ata àti orin Ìjẹ̀bú kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa, sunnah sì ni fífọ ẹnu. Bí eyín tí wáyà di mú bá bàjẹ́, kò sí ohun tí yóò di ti àtọwọ́dá mú mọ́.

Ní ti oúnjẹ, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fi ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àmàlà bẹ̀rẹ̀. Kí ó gé ẹran wẹ́wẹ́, kí ó sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí pé ike bo àjà ẹnu, kò ní tètè mọ̀ bí oúnjẹ bá gbóná tàbí bí egungun ẹja bá wà nínú rẹ̀. Bí ẹran Iléyá bá dé, kí ó rántí pé eyín àtọwọ́dá kì í ṣe ohun tí a fi ń fọ́ eegun.

Bí ó bá ń gún èrìgì, kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Kí a má fi ọ̀bẹ tàbí fáìlì rá a nílé. Bí ó bá fọ́, kí a má fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́. Ọ̀dọ̀ dókítà eyín tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí a ti ṣe é, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Medical and Dental Council of Nigeria. Ẹni tí ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ lówó pọ́ọ́kú lè ṣe é láìní ìkọ́ tí ó dì í mú, owó tí a rò pé a fi pamọ́ yóò sì di owó iṣẹ́ abẹ.

EYÍN ÀTỌWỌ́DÁ ÀTI ÌJỌSÌN

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè bóyá ó yẹ kí a yọ ọ́ fún àlùwàlá. Nínú mádhàbù Málíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, sunnah ni fífi omi yọ ẹnu, ní àlùwàlá àti ní ìwẹ̀ jánábà. Nítorí náà, àlùwàlá ẹni tí kò yọ ọ́ dúró. Ní mádhàbù Hánáfì, ọ̀ranyàn ni yíyọ ẹnu ní ìwẹ̀ jánábà. Ìṣọ́ra sì ni kí a yọ ọ́ nígbà náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń yọ ọ́ ṣan nígbà àlùwàlá ti rí àǹfààní ìmọ́tótó gbà lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Kí ó kàn dì í mú dáadáa kí ó má baà bá omi wọ gọ́tà mọ́ṣáláṣí lọ.

Wíwọ̀ ọ́ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Kí a ti fọ̀ ọ́ lẹ́yìn sààrì, kí ìyókù oúnjẹ má baà wà lábẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní ti kíké Àlùkùránì, eyín iwájú ní iṣẹ́ ńlá níbẹ̀. Etí eyín òkè ni ahọ́n ń kàn kí lẹ́tà thaa, dhaal àti zhaa tó jáde. Eyín òkè àti ètè ìsàlẹ̀ ni ó ń pàdé fún faa. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ eyín tuntun lè rí i pé dhaal inú Fátíhà kò jáde bí ó ti yẹ. Kí ó má jáyà. Kí ó máa ké e sókè nílé díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ahọ́n yóò mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Ọlọ́hun fi tọkọtaya wé aṣọ fún ara wọn nínú Àlùkùránì. Aṣọ a máa bo ìhòòhò, kì í ṣe pé ènìyàn ń bo ìhòòhò fún aṣọ. Ẹ̀yin tí ń múra ìgbéyàwó, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ láti ọdún pípẹ́, ẹ sọ ọ́ lálẹ́ yìí. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá sọ fún yín, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ bá a wá ife tí yóò máa fi í sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi akáyín ṣe yẹ̀yẹ́ ní òpópónà, nítorí pé ẹ̀rín tí ẹ ń rín ni ó ń mú kí ẹlòmíràn gbé wáyà sùn. Kí ọmọ sì máa béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà kí ó tó sùn: ẹ ti yọ eyín yín?

Àmáànà ni ara jẹ́ lọ́wọ́ wa, a ó sì jíyìn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun wa, kí Ó má jẹ́ kí ó di ọ̀nà ọ̀run fún wa láìtọ́jọ́. Kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gbogbo wa ní àǹfààní. Aamiin.